Àmì Kan Lábẹ́ S

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni Láídé já wọ ilé Ellen Ọláníyọnu ní Ìkẹ́nnẹ́. Kò kanlẹ̀kùn, kò kágò. Ellen ń sọ ìkòkò oúnjẹ Sábáàtì kalẹ̀ lórí iná lọ́wọ́.

"Sìsí Ellen, ẹ fi ìkòkò yẹn sílẹ̀. Bàbá ti ní àwọn á sọ̀rọ̀. Èémí wọn ò dáa rárá. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín dání, ká máa lọ."

Ellen fi ìkòkò náà sílẹ̀. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí, ó sáré wọ yàrá lọ gbé ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín ná, torí èmi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa fi ìtàn pamọ́ sábẹ́ ẹní. Àbúrò kan ṣoṣo ni Ellen ní láyé, Akínkúnmi ni. Bàbá wọn ti kú tipẹ́, ìyá wọn sì kú ní oṣù kẹta ọdún 1998, ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Oko obì kan lójú ọ̀nà Ìlíṣàn ni ìyá fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lìádì ni wọ́n sì jọ pààlà níbẹ̀. Igi obì kan dúró lórí ààlà. Lìádì ní tòun ni, Akínkúnmi ní irọ́ ni. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Akínkúnmi ń ṣán oko lọ́wọ́ ni Lìádì dé, tìbínú-tìbínú. Nígbà tí àwọn èèyàn máa fi débẹ̀, Lìádì ti wà nílẹ̀, àdá Akínkúnmi ti ya á nínú, kò mọ ẹni tó ń pè é mọ́. Akínkúnmi ti sáré dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń wí pé, "Sìsí mi, èmi kọ́ o, èmi kọ́." Kò tíì mu omi tí Ellen bù fún un tán tí ọlọ́pàá fi dé. Wọ́n gbé e lọ sí Ṣàgámù.

Bí Lìádì bá kú, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n lásán mọ́, ọ̀rọ̀ okùn ni.

Ojú kan ṣoṣo ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Yúnúsà ni, bàbá Láídé, àgbàlagbà tó máa ń bá àwọn olóko ṣa obì. Òun ló sáré lọ ké sí àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n àgbà tí èémí ti ń há tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré, kí ó tó dé ojú títì ló ti ṣubú lulẹ̀. Ọsibítù kan náà tí Lìádì wà ní Ṣàgámù ni wọ́n gbé òun náà lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni kò sì lè sọ ju "omi" lọ. Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn á wá gbọ́ tẹnu rẹ̀ tó bá di ọjọ́ Ajé. Lọ́yà Afọláyan, tó ń gba ẹjọ́ Akínkúnmi rò, yọ ṣùtì sí wọn. Ó ní, "Ẹni tó ń mí bí bàbá yẹn kì í dúró de ọjọ́ Ajé. Ellen, ọjọ́ tó bá ti la ẹnu, ẹ yáa lọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀."

Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo èèyàn mọ Ellen mọ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀. Akọ̀wé ni ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Adífẹ́ntì, ìyẹn ìjọ onísábáàtì, lẹ́bàá Ìlíṣàn. Hadassah, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà, ló sì fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí i. Kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ kan lọ. Kò lo kásẹ́ẹ̀tì. Káàdì pẹlẹbẹ kan bíi sítáǹbù orí lẹ́tà ló wà nínú rẹ̀ tó ń gbé ohùn pamọ́, òun nìkan náà sì ni káàdì tó bá a wá. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Ṣàgámù yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí, kódà ní Èkó.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ náà ń gbà gba ohùn. SP ni ohùn kíkún: bí o ṣe sọ ọ́ gan-an ló máa gbé e jáde, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n péré ni káàdì fi ń kún. LP ni ohùn tẹ́ẹ́rẹ́: ó ń fún ohùn mọ́ra bí ẹni tó ń ki aṣọ sínú àpò kékeré, ó lè gbà ju wákàtí kan lọ. Bọ́tìnì kan sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ nìkan. Bí èèyàn bá dákẹ́, òun náà á dúró, kí ó má baà fi àyè ṣòfò. Ellen mọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni mowó. Bó bá jẹ́ ìwàásù Pásítọ̀ ni, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń lò, torí Pásítọ̀ kì í tètè parí, bí Ellen bá sì ti kọ ọ́ sínú ìwé tán, á pa á rẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo ló lo ohùn kíkún, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ìyá rojọ́, ó gbàdúrà, ó fi Akínkúnmi ṣẹ̀fẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ló kú.

Nígbà tí Ellen àti Láídé dé ọsibítù, oòrùn ti ń rẹ̀. Ọkàn Ellen wà lára oòrùn náà, torí bó bá ti wọ̀, Sábáàtì ti dé nìyẹn, kò sì dá a lójú bóyá gbígba ohùn ẹlẹ́rìí jẹ́ iṣẹ́ àánú tàbí iṣẹ́ òòjọ́. Bàbá Yúnúsà fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí mẹ́ta. Ojú rẹ̀ ti jìn wọlé. Ó na ìka kan sí Ellen pé kó jókòó.

"Ẹ rọra, Bàbá. Mo fẹ́ tan ẹ̀rọ yìí ná."

Ó wo ojú ẹ̀rọ. Àyè tó kù lórí káàdì kò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ ní ohùn kíkún. Ní ohùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó tó mẹ́tàlá.

Yéè! Ìṣẹ́jú mẹ́fà! Ta ni kò mọ àwọn àgbà wa? Kí wọ́n tó sọ pé ilé ń jó, wọ́n á kọ́kọ́ kí ọ, wọ́n á kí ọmọ, wọ́n á béèrè ewúrẹ́. Ẹni tí èémí rẹ̀ sì ń há, tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń sinmi kí ó tó sọ èkejì, mẹ́fà kì í ṣe nǹkan kan fún un. Bí káàdì bá kún láàárín ọ̀rọ̀ ńkọ́? Ellen gbé àtàǹpàkò lé bọ́tìnì ìparẹ́. Bó bá pa ohùn ìyá rẹ́, àyè á ṣí yalayala, á fi ohùn kíkún gba gbogbo rẹ̀. Àtàǹpàkò náà wà níbẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ìyá yín, ẹ bá mi dáhùn: ta ló lè pa á lẹ́ẹ̀kejì fún ara rẹ̀?

Ló bá yí i sí ohùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ó sì tẹ bọ́tìnì a-gbọ́rọ̀-nìkan mọ́ ọn, kí ìsinmi bàbá má baà jẹ àyè. Lójú rẹ̀, ọgbọ́n ló ṣe. Láídé ti gbé ike jáde lọ bu omi gbígbóná.

"Ellen," ni bàbá wí. Ó mí. "Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ìyá rẹ. Èèyàn dáadáa ni." Ó mí. "Abẹ́ igi ni mo wà. Mò ń ṣa obì. Mo gbọ́ ariwo, mo sì gbójú sókè. Lìádì ló ń bú èébú bọ̀. Akínkúnmi dúró, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ellen sún ẹ̀rọ mọ́ bàbá lẹ́nu.

"Akínkúnmi sá."

Bàbá pa ojú dé. Àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Ó pẹ́ tó ẹni tó máa ka oókan dé ẹẹ́wàá.

"Lìádì ṣubú."

Ikọ́ wá dé, kò sì jẹ́ kó sọ ohunkóhun mọ́. Láídé sáré wọlé, ó gbé e ró, ó ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ellen ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí." Nígbà tó jáde, ìlàjì oòrùn ló kù lókè òrùlé. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó fi aṣọ wé e, kò tún fọwọ́ kàn án títí Sábáàtì fi parí.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó mọ́, Bàbá Yúnúsà ti kú. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó kan àtàrí, bí àwọn mùsùlùmí ṣe máa ń ṣe.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Ellen gbé oúnjẹ Akínkúnmi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ayọ̀ kò jẹ́ kó lè pa ẹnu mọ́. Ó sọ fún sájẹ́ǹtì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pé ohùn Yúnúsà wà lọ́wọ́ òun, pé ó sọ gbogbo rẹ̀ kí ó tó kú. Ọmọ Ìbàdàn ni sájẹ́ǹtì náà, ọ̀kan nínú àwọn tí lẹ́tà ṣ kò tíì bá dọ́rẹ̀ẹ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, màdáámù. Ẹ gbé e wá lọ́la, aago mẹ́wàá. Ọ̀gá á fẹ́ gbọ́ ọ. Sé ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá ti sọ pé ó wà, ẹ ò lè ní kò sí mọ́?"

"Màá gbé e wá," ni Ellen wí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò dé ọ̀dọ̀ lọ́yà ní àdúgbò Ọ̀fin.

Ilé Afọláyan náà ni ọ́fíìsì rẹ̀. Àtinúkẹ́, obìnrin tó ń bá a tẹ̀wé, ti gbé ìwé sẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ellen gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì tẹ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. Ohùn Bàbá Yúnúsà jáde wá, ó há, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú agolo. Kò sí ìsinmi kankan láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ ti gé gbogbo rẹ̀ dànù, ọ̀rọ̀ ń gun orí ara wọn.

*Akínkúnmi sá Lìádì ṣubú.*

Àtinúkẹ́ ti ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ó dúró. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kò ní ṣ, àwọn òyìnbó tó ṣe é kò mọ̀ pé ó wà. Bí ó bá tẹ s tán, bírò ló fi ń kán àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ó mú bírò náà dání.

"Ẹ jọ̀ọ́, Sìsí, èyí tó wà lẹ́yìn Akínkúnmi yìí, ṣé kí n fàmì sí abẹ́ ẹ̀?"

"Ẹ tún un ṣe," ni Afọláyan wí. Ó ti dìde lórí àga.

Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ wò ó fúnra yín. Bí kò bá sí àmì lábẹ́ rẹ̀, tí ìsinmi sì wà lẹ́yìn rẹ̀, Akínkúnmi sá lọ, Lìádì sì ṣubú fúnra rẹ̀. Bí àmì bá wà níbẹ̀, tí ìsinmi kò sí, Akínkúnmi ṣá Lìádì ṣubú, ó ṣá a lulẹ̀ bí ẹni ṣá igi. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti fá àmì lẹ́nu bàbá, bọ́tìnì a-gbọ́rọ̀-nìkan sì ti jẹ ìsinmi rẹ̀. Ohun tó kù kò ju èémí kan lọ, hùù, tí kò ṣe s tí kò ṣe ṣ.

"Ó sá ni!" ni Ellen ké. "Mo wà níbẹ̀. Mo fi etí mi méjèèjì gbọ́ ọ. Ó sọ ọ́, ó sinmi, ó wá sọ ti Lìádì!"

"Mo gbà yín gbọ́," ni Afọláyan wí, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀. "Àtinúkẹ́, 'ṣubú' wà níwájú rẹ̀. A mọ̀ pé ṣ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi wé e."

Wọ́n fi wé e. Èémí inú méjèèjì dọ́gba. Àtinúkẹ́ ní kí wọ́n má tíì mú un bẹ́ẹ̀, ó ní bàbá wí pé "mo sì gbójú sókè" ṣáájú, s méjì ló wà níbẹ̀, kí wọ́n fi wé ìyẹn náà. Wọ́n fi wé e. Ìyẹn náà dọ́gba. Gbogbo rẹ̀ ló dọ́gba.

Afọláyan jókòó. "Ellen, ta ló tún wà níbẹ̀?"

"Èmi nìkan. Láídé lọ bu omi."

"Ẹ̀gbọ́n ẹni tí wọ́n mú ni yín. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín ṣe? Ohùn tó wà nínú èyí ni wọ́n á gbọ́, wọ́n á sì gbọ́ ohun tó wù wọ́n." Ó nu ojú. "Èé ṣe tí ẹ kò fi lo ohùn kíkún?"

"Ẹ̀rù bà mí pé àyè ò ní tó."

"Ìṣẹ́jú mélòó ni gbogbo ọ̀rọ̀ bàbá náà gbà?"

Ellen wo ojú ẹ̀rọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá tilẹ̀ ka gbogbo ìsinmi bàbá mọ́ ọn, kò lè pé mẹ́ta. Ohùn kíkún ìbá gbà á, ìbá sì ṣẹ́ kù. Ó sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀, ó di ẹnu mú. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn ò sọ pé èèyàn lè gbé e pamọ́ sínú àpótí kó tún fọ́ síbẹ̀.

Ellen kò mọ bí òun ṣe délé. Ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ó gbé ẹ̀rọ sétí, ó ń gbọ́ ọ. Ó fẹ́ gbọ́ ìsinmi bàbá. Ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣebí òun ló rí àyà rẹ̀ tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ wálẹ̀? *Akínkúnmi sá Lìádì ṣubú.* Ó tún un ṣe. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, kò gbọ́ ohùn tó gbọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, ohùn agolo ló kù sí i létí. Nígbà tó di ogún, ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ìsinmi náà gùn tó bí òun ṣe rò ó. Bóyá ẹ̀yìn "Lìádì" ni bàbá ti sinmi? Bóyá òun tí òun ń wá ọ̀nà àbáyọ lójú méjèèjì ló gbọ́ ohun tí òun fẹ́ gbọ́?

Áà! Ẹ̀rù tó dé báyìí kì í ṣe ti ọlọ́pàá mọ́. Ohun tí kò rò rí wá ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Akínkúnmi tètè máa ń bínú, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ṣé kì í ṣe òun ló fi àdá lé ewúrẹ́ Lìádì dé ojú títì? Nígbà tó sáré wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, "èmi kọ́" ló ń wí. Ta ló bi í? Ellen gbé ọwọ́ lórí. Ó ní, "Olúwa, gbà mí lọ́wọ́ ara mi." Ó sì tún tẹ ẹ̀rọ náà.

Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tó ti wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Aago mẹ́wàá ni ọ̀gá wọn fẹ́ gbọ́ ohùn náà. Ó bẹ sájẹ́ǹtì, ó ní òun fẹ́ rí àbúrò òun díẹ̀ ṣáájú. Wọ́n mú Akínkúnmi wá sẹ́yìn irin. Ó ti rù, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i.

"Sìsí mi. Wọ́n ní Bàbá Yúnúsà sọ̀rọ̀ kó tó kú. Mo mọ̀ pé kò ní purọ́ mọ́ mi."

Ellen sún mọ́ irin. Ohun tó wá sọ ni pé kó ní sùúrù, pé Lọ́yà ń bọ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kọ́ nìyẹn.

"Akin, Ọlọ́run ń gbọ́ wa. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o sá ni, àbí o ṣá a?"

Ẹ̀rín náà rọra kúrò lójú Akínkúnmi. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ojú tó mọ̀ láàárín èrò.

"Ọlọ́pàá bi mí," ni ó wí. "Lọ́yà bi mí. Àwọn olè tí a jọ wà níbí, gbogbo wọn ló bi mí. Ẹ̀yin nìkan lẹ kò bi mí."

"Akin, ohùn yẹn ni kò yé..."

"Ẹ ṣeun tí ẹ wá, Sìsí." Ó yí padà, ó lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ògiri lọ́hùn-ún.

Sájẹ́ǹtì tó dúró sẹ́yìn Ellen ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ha, màdáámù," ni ó wí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàánú rẹ̀. "Ẹ̀yin gan-an ò mọ̀ bóyá sísá ni?" Ellen kò mọ èwo nínú méjèèjì ni ọkùnrin náà ń sọ. Ó wá bẹ́ǹṣì kan, ó jókòó lé e, ó di ẹ̀rọ náà mú sí àyà, ó ń wo aago ara ògiri. Mẹ́sàn-án ààbọ̀. Mẹ́wàá ku ogún. Ó ń rò ó pé bí wọ́n bá gbọ́ ohùn yìí, tí sájẹ́ǹtì tún wá sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu òun, òun ni òun fi ọwọ́ ara òun so okùn mọ́ àbúrò òun lọ́rùn.

Mẹ́wàá ku márùn-ún ni Afọláyan já wọlé, láìdé fìlà, ó ń làágùn. Nọ́ọ̀sì kan àti ọlọ́pàá kan tó ń ṣọ́ Lìádì ní ọsibítù tẹ̀lé e wọlé.

"Ó ti lajú!" ni Afọláyan ké. "Lìádì ti lajú láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ó sì ti sọ̀rọ̀. Ẹ bi ọlọ́pàá yín. Ó ní òun lé Akínkúnmi, ìyẹn sì ju àdá sílẹ̀, ó sá. Ó ní gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú, òun sì ṣubú lé àdá náà. Ó ní òun lòun fa ẹ̀jẹ̀ ara òun, kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Ọlọ́pàá náà ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, òun ti kọ ọ́ sílẹ̀, Lìádì sì ti tẹ̀ka sí i.

Kò sẹ́ni tó tún béèrè ẹ̀rọ lọ́wọ́ Ellen. Ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún, ó ń di Lọ́yà mọ́ra, ṣùgbọ́n kò lè wo apá ibi tí Akínkúnmi wà. Wákàtí kan! Ká ní ó mú sùúrù fún wákàtí kan péré!

Kí wọ́n tó kọ gbogbo ìwé wọn tán, ọ̀sán ti pọ́n. Akínkúnmi dọ̀bálẹ̀ fún Lọ́yà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà, ó sì gba àpò oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ṣe yẹ kí àbúrò ṣe. Àwọn méjèèjì rìn dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ìkẹ́nnẹ́. Ellen ń wá gbólóhùn kan nínú ọkàn rẹ̀, kò rí i.

"Akin, jọ̀ọ́, má bínú," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀rù ló bà mí."

"Mi ò bínú, Sìsí mi." Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò sì sí ìbínú níbẹ̀ lóòótọ́. "Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Ká ní Lìádì kú láàárọ̀ yìí láìlajú ńkọ́? Kí lẹ̀ bá gbà gbọ́ nípa mi títí ẹ ó fi kú?"

Ellen la ẹnu. Ọmọ ìjọ Adífẹ́ntì ni, kò lè purọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ òótọ́. Akínkúnmi dúró dè é. Awakọ̀ ń pariwo pé ẹni méjì ló kù, ẹni méjì ló kù, kí wọ́n wọlé. Akínkúnmi tún dúró díẹ̀ sí i. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bá a gbé àpò sí ẹsẹ̀, ó sì sọ fún awakọ̀ pé kó máa lọ, òun á fẹsẹ̀ rìn.